Fláàṣì Ọrùn Jìmí

Àìsàn tó ń ṣe Jìmí kò ní oògùn ní kẹ́mísì kankan láti Kétu títí dé Mile 12. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹnu rẹ̀ ni kò lè sọ pé "mi ò mọ̀." Ẹ fi okùn fà á, ẹ fi ẹran bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà kò ní jáde. Bí ẹ bá bi í pé ìràwọ̀ mélòó ló wà lójú ọ̀run, á kọ́kọ́ wòkè, á họ àgbọ̀n, á wá bi yín pé, "Ti apá Ìkòròdú ni ẹ ń wí ni, àbí ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí?"

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, èyí tó wà létí odò nítòsí Owódé Onírin, kì í ṣe ti Àpápá. Yàrá mẹ́jọ, balùwẹ̀ kan, Jìmí kan. Jìmí kan ṣoṣo yẹn sì tó í da yàrá mẹ́jọ láàmú.

Lọ́dún 2007 tí mò ń wí yìí, fláàṣì ṣì jẹ́ ohun àrà ládùúgbò wa. Ohun kékeré bí ìka ọwọ́ ni, òun ni wọ́n fi ń kó ìwé àti fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn. Àpò ni àwọn tó ní in ń fi í sí. Jìmí gbé tiẹ̀ kọ́ ọrùn. Okùn búlúù gígùn ló so mọ́ ọn, ó sì ń mì síwá sẹ́yìn lórí ìdodo rẹ̀ bí agogo ọrùn àgbò. Ó ń gbé e kọ́rùn lọ sọ́jà, ó ń gbé e kọ́rùn sùn. Kàmọ́rù, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń já àlùbọ́sà lọ́kọ̀ ní Mile 12, búra pé òun rí i lọ́rùn rẹ̀ ní balùwẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e kí ọṣẹ má baà kó sí i.

"Jìmí, kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an?" Kàmọ́rù bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìmọ̀."

"Ìmọ̀ náà dà lánàá, tó o gbé ẹ̀wà kaná tó o gbàgbé omi?"

"Ẹ̀wà kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ẹnjiníà ni mí. Nílé iṣẹ́ òyìnbó tí mo wà n'Ìkẹjà, bí mi ò bá tíì dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan kọ̀ǹpútà."

Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Kétu. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jìmí lò, òun àti olùkọ́ wá jà lórí ta ló yẹ kó máa kọ́ ta. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Jìmí kò fọwọ́ kan omi rárá, àwo ẹran ló kọ́kọ́ gbé.

Yàrá tó kọjú sí tiẹ̀ ni ti Ìyá Mojí. Opó ni. Àpò àlùbọ́sà tó bá ya ní Mile 12, òun ló ń rán an. Abẹ́rẹ́ àpò, tó gùn ju ìka àárín lọ, tó sì tẹ̀ lẹ́nu bí èékánná àṣá, kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ṣọládé, kú nígbà tí oyún Mojí wà nínú oṣù keje. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Mojí ń gbé, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì mọ bàbá rẹ̀ àfi nínú fọ́tò kan.

Mo ní kan o. Ṣọládé ò fẹ́ràn fọ́tò. Ọjọ́ kan péré ló dúró fún oníyàwòrán láyé rẹ̀, kì í sì í ṣe torí ojú rẹ̀, torí bàtà tuntun kan ni. Bàtà náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi kìlọ̀ fún oníyàwòrán pé méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé. Ojú ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lókè, bàtà ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Ìrántí ọdún kẹwàá rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá Mojí fẹ́ tẹ ìwé kékeré tí wọ́n máa pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí fọ́tò ọkọ rẹ̀ wà níwájú. Àbí irú ìrántí wo ni ojú ẹni tí à ń rántí ò ní sí níbẹ̀? Jìmí gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ gbé e wá. N ó dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, n ó gbé e sínú fláàṣì. Tó bá dọjọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn kàn mí lára ni."

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe bó ṣe wí. Ó gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Nimat, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní Kétu. Nimat dà á kọ, Jìmí kó o sínú fláàṣì, ó sì ní kí Nimat pa èyí tó kù lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́ kí àwọn olè má baà jí i. Kí ni olè fẹ́ fi Bàbá Mojí ṣe? Ó dá fọ́tò padà láìya. Ìyá Mojí tẹ̀ ẹ́ sínú álúbọ́ọ̀mù, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sẹ̀ kejì, omi dé.

Ẹni tó bá ti gbé Ajégúnlẹ̀ rí mọ̀ pé omi wa kì í kan ilẹ̀kùn. A lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ilẹ̀ gbẹ; a dé lọ́sàn-án, ìkòkò ń wẹ̀ kiri nínú yàrá. Nígbà tí Ìyá Mojí fa álúbọ́ọ̀mù jáde, ó ti di ògì. Bàbá Mojí ti yọ́ di pupa àti yẹ́lò, ìyàwó rẹ̀ ń fi ọwọ́ bù ú. Oníyàwòrán tó yà á ti ṣí lọ tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Obìnrin náà jókòó sórí kóróbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń sunkún.

Ni Jìmí bá ń wọ́ omi bọ̀, ó ká ṣòkòtò dé itan, ó na fláàṣì sókè lókè orí bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Mọ́mì, ẹ nu ojú yín nù! Omi lè gbé gbogbo Ajégúnlẹ̀ lọ, kò lè gbé fláàṣì. Ọkọ yín rèé lọ́rùn mi!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Mojí bá pàdé Jìmí láàárọ̀, á fi ọwọ́ kan fláàṣì, á ní, "Bàbá Mojí, ẹ káàárọ̀ o." Jìmí á sì dáhùn fún un.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ìrántí pé, Ìyá Mojí ní ká lọ tẹ̀wé. Èmi náà bá wọn lọ, torí mo ní ẹrù kan láti gbé délé ẹnì kan ní Kétu. A dé ṣọ́ọ̀bù Nimat. Jìmí bọ́ fláàṣì lọ́rùn bí ọba tó ń bọ́ adé, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.

Nimat ka ọ̀rọ̀ náà, ó di ọwọ́ mọ́ àyà. "Bùọ̀dá Jìmí, fláàṣì yìí ti ní ìṣòro o. Ṣe bí mo ṣe ń sọ fún yín nìyẹn, pé ẹ má máa fà á yọ wùyà nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń jẹun lára ẹ̀. Ó ń béèrè bóyá ká fọ́máàtì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ 'Yes' o."

"Nimat, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ọ̀gá mi ni."

"Ta ló kọ́ ọ̀gá ẹ?"

"Mi ò mọ̀."

Jìmí yíjú sí wa. "Ẹ gbọ́? Kò mọ̀!" Ó fi ìdí tì í kúrò lórí àga. "Ẹ̀rọ bi wá léèrè ọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tí àgbà bá bi ẹ́ léèrè, ṣé wàá dákẹ́ ni? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ó sì tẹ 'Yes'.

Ìlà àwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" Ìyá Mojí béèrè.

"Ó ń fọ̀ ọ́ ni, Mọ́mì. Ìdọ̀tí ló pọ̀ níbẹ̀."

Ìlà náà rìn dópin. Jìmí ṣí fláàṣì. Funfun báláú. Àwo tí ajá lá kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó bó ṣe mọ́!"

"Bàbá Mojí dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò lè tíì rí i báyìí, Mọ́mì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Ó ṣì ń múra."

Nimat gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ó ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́! Mọ́mì, ẹ jókòó, ẹ má ṣubú. Gbogbo ìgbà kọ́ ni irú ẹ̀ ń lọ pátápátá. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àyàndélé n'Ìkòsí báyìí báyìí, wọ́n máa ń wá irú ẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kàn án o."

"Àyàndélé wo? Èyí tó ń tún rédíò ṣe?" Jìmí ti gbé fláàṣì padà sọ́rùn. "Èmi tí òyìnbó ń dúró dè! Mọ́mì, ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta péré."

Ìyá Mojí wò mí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, mo wolẹ̀. Bí àgbà bá wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun kì í wọ́, wọ́n ní. Ọjọ́ yẹn, àgbà méjì ló wà lọ́jà, orí wọ́, ọrùn náà tún ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Jìmí bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ mọ̀ pé bí bátìrì rédíò bá kú, a máa ń sá a sórí páànù. Bí oòrùn bá ti pa á dáadáa, á tún sọ̀rọ̀ dé ìwọ̀n ìròyìn aago mẹ́wàá. Jìmí ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó gbé àkàbà, ó gun òrùlé, ó tẹ́ fláàṣì sáàárín bátìrì mẹ́rin tí Kàmọ́rù sá síbẹ̀.

"Fáìlì kì í kú," ó ń ké láti orí páànù, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ni!"

Oòrùn ọjọ́ náà kò mọ ojú ẹnì kankan. Nígbà tí Jìmí fi máa gbé fláàṣì sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ike ara rẹ̀ ti rọ̀, ó ti tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ìdin tó ń lọ síbi ayẹyẹ òkú. Kàmọ́rù ki bátìrì tiẹ̀ bọ rédíò, rédíò kọrin.

"Tèmi ti jí," ni Kàmọ́rù wí. "Ọkọ Ìyá Mojí ńkọ́?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe sí bátìrì tí kò bá gbọ́ ti oòrùn. A máa ń gé e jẹ níbàdí. Kí n tó sọ pé "Jìmí, rọra," ó ti ti fláàṣì bọ ẹnu.

Káù!

A ò mọ̀ bóyá eyín ló dún ni àbí fláàṣì. Àwọn méjèèjì ni. Jìmí tu gbogbo ẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣà á: èyí ni ti ẹnu, èyí ni ti fláàṣì.

Ẹlòmíràn ìbá dúró níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní bí a bá ń lépa ẹni, tí a ò bá a, ńṣe là ń pẹ̀yìn dà. Jìmí kì í pẹ̀yìn dà, ògiri ló máa ń dá a dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó mú sáńpépà, ó ń ha ẹnu fláàṣì bí ẹni tó ń tún púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó fẹ́ ẹ, fúù, fúù. Ó wá gbé e, tó ń rùn bí ilé epo, ó di sáíbà kàfé Bartholomew lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rìnlá ló sì jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn ìyá àgbà òyìnbó tí wọn ò rí rí. Jìmí ti fláàṣì bọ ti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó tì.

Tàù! Iná ṣẹ́. Ilé ṣókùnkùn. Ìfẹ́ mẹ́rìnlá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Who do this thing?" Bartholomew fò dìde.

"Ọ̀gá Bartholomew, iná yín ló kéré," ni Jìmí wí. "Fláàṣì mi lágbára ju ilé yìí lọ."

Ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò wá sọ ọ́ fún wa tán. A kàn rí i tó fi ẹsẹ̀ lásán dé, torí Bartholomew gba bàtà rẹ̀ di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn bá jí. Ó ní dókítà kan ló gba òun nímọ̀ràn pé kí òun máa fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta pé. Ìyá Mojí kò pariwo. Tó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, ìbá dáa fún Jìmí. Ńṣe ló gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Jìmí ní kùtùkùtù, ó tẹ́ àpò àlùbọ́sà sórí orúnkún, ó ń rán an.

"Ọ̀gá Jìmí, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ mi."

Obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ! Òun ló ń pe Jìmí ní ọ̀gá.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Ó ń gbádùn."

"Ó jẹun lánàá?"

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò—"

"Bó bá ti jí, ẹ bá mi sọ fún un pé Mojí ń bọ̀ ní Fúráìdè." Abẹ́rẹ́ wọ àpò, pọ́ọ̀, ó jáde lódì kejì. "Ẹ sọ fún un pé ọmọ náà ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá imú òun jọ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ imú yẹn, ó dùn mí wọnú eegun. Jìmí bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá Mojí fún un lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sábẹ́ fèrèsé.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan kí Mojí dé. Ìyá Mojí dìde, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọ́ okùn búlúù ọrùn Jìmí, ó fà á díẹ̀.

"Bọ́ ọ."

Jìmí bọ́ ọ. Ibi tí okùn wà tẹ́lẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ pọ́n bí ara òyìnbó. Òyìnbó kan ṣoṣo tí a rí lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Mojí wò mí, ó ní, "Bàbá Rahmon, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo dìde. Kàmọ́rù tẹ̀lé wa torí kò fẹ́ kí ìran kọjá òun. Jìmí náà tẹ̀lé wa, ó ní òun fẹ́ lọ fi ọ̀nà han Ọ̀gá Àyàndélé.

Ṣọ́ọ̀bù Àyàndélé n'Ìkòsí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Bàbá náà fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí, kì í sì í sọ̀rọ̀ méjì nígbà tí ọ̀kan bá tó. Ó gba fláàṣì, ó yí i po.

"Ajá ló jẹ ẹ́?"

"Rárá o," ni Jìmí dáhùn. "Ìlànà òyìnbó kan ni."

Àyàndélé wo eyín iwájú rẹ̀. "Òyìnbó náà farapa."

Ó tú ike náà, ó nù ún, ó fi iná jó ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ nínú rẹ̀ pọ̀, ó mú ẹnu òkú fláàṣì mìíràn, ó gbé e sí i. A ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ abẹ. Ó tì í bọ kọ̀ǹpútà. Iná pupa tíntín kan tàn lára rẹ̀.

"Ó mí!" Ìyá Mojí ké.

Àyàndélé tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. "Ẹ jókòó, á pẹ́ díẹ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n ti pa rẹ́ lórí ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, òun ló ń jáde bọ̀ yìí."

Ojú Jìmí yí padà. "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ọ̀gá, ẹyọ fọ́tò kan la bá wá o. Ẹ má da àwọn tó kù láàmú. Wọ́n ń sinmi."

Ó ti bọ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ jáde: Jìmí fara ti jíìpù dúdú. Èkejì: Jìmí fara ti mọ́tò funfun. Ẹ̀kẹta: Jìmí fara ti mọ́tò pupa, ẹni tó ni mọ́tò ń sáré bọ̀ létí fọ́tò náà, ó gbé igi lọ́wọ́. Mọ́tò mọ́kànlá ni mo kà. Lẹ́yìn mọ́tò, ìwé kan yọjú. Àyàndélé tún awò ojú ṣe, ó kà á jáde kí Ìyá Mojí lè mọ̀ bóyá tiẹ̀ ni:

"Sí ọ̀gá àgbà. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nílé iṣẹ́ yín n'Ìkẹjà. Mo lè ṣí géètì. Mo sì lè tì í."

"Yéè!" Kàmọ́rù di ògiri mú. "Ẹnjiníà géètì!"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun kọ ọ́," ni Jìmí wí.

"Kí lorúkọ ọ̀rẹ́ náà?"

"Jìmí ni. A jọ ń jẹ́ ẹ ni."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Jìmí ò tiẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, Ìkòsí ni wọ́n ti bá a.

Nígbà yẹn ni fọ́tò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, díẹ̀díẹ̀, láti òkè. Irun. Iwájú orí. Ojú méjì tó ń rẹ́rìn-ín. Imú.

Ìyá Mojí dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá Mojí! Ìwọ rèé!"

Ẹnu ṣí, ọrùn ṣí, èjìká ṣí, ó dé igbá àyà. Ó dúró síbẹ̀. Láti igbá àyà títí dé ìsàlẹ̀, eérú lásán ni, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ irin nù.

"Ìyókù ńkọ́?" Ìyá Mojí béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, bàtà rẹ̀ ńkọ́?"

Àyàndélé bọ́ awò ojú. "Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ nínú fláàṣì dà bí ayálégbé tó rìnrìn àjò. Bí ẹ ò bá gba ẹlòmíràn sí yàrá rẹ̀, á padà wá bá ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ ti fọ́máàtì ẹ̀, ẹnì kan ti kó wọ yàrá ọkùnrin yìí. Ta ló gbé nǹkan sórí ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Jìmí yára wí. "Mo búra."

"Èyí ńkọ́?" Àyàndélé tẹ fáìlì kan ṣoṣo tí kò kú rárá lórí fláàṣì náà. Ọjọ́ tí Jìmí tẹ 'Yes' gan-an ni déètì rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò tiẹ̀ tíì ti ṣọ́ọ̀bù Nimat délé nígbà yẹn, ó ti yà síbòmíràn lọ gbé e sórí ẹ̀! Fáìlì náà ṣí wàrà, kò sí àmì kan tó jẹrà lára rẹ̀. Póstà ni. Jìmí wà láàárín rẹ̀, ó de táì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àyàndélé ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sódò:

"JÌMÍ KỌ̀ǸPÚTÀ. A Ń TÚN FLÁÀṢÌ TÓ BÀJẸ́ ṢE. A Ń JÍ FÁÌLÌ TÓ KÚ. KÒ SÍ OHUN TÓ LÈ SỌNÙ LỌ́WỌ́ WA."

Kàmọ́rù pàápàá, tí ẹ̀rín ti ń pa láti àárọ̀, gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Jìmí wúkọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà rí i pé póstà náà jáde dáadáa. Kò sí ohun tó sọnù lára ẹ̀."

Mo wo ọwọ́ Ìyá Mojí, mo wo abẹ́rẹ́. Kò gbé e sókè. Ó kàn ní kí Àyàndélé da fọ́tò ọkọ òun kọ sí ibòmíràn, ibi méjì, ibi mẹ́ta, kó sì dá fláàṣì padà fún ẹnjiníà. A ya ọ̀dọ̀ Nimat. Nimat ní òun lè gé ibi eérú yẹn kúrò, kó ku orí àti èjìká, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Má gé e," ni Ìyá Mojí wí. "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí."

Ọjọ́ Àìkú pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ẹ bi mí pé ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pín ìwé? Jìmí ni! Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé fláàṣì sọ́rùn, ó ń fi ẹ̀rín tí eyín kan ti kán nínú rẹ̀ kí àwọn àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ wo fọ́tò iwájú yẹn dáadáa. Ó ti kú pátápátá tẹ́lẹ̀ o! Ọwọ́ mi ló ti jí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mà. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

Àwọn àlejò ń mi orí, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan tiẹ̀ ti ń bi í níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Mojí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Láti Fúráìdè tó ti dé, ó ti di ìwé náà mú, á fi ọwọ́ kan imú bàbá rẹ̀, á fi ọwọ́ kan tiẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò. Ó fa aṣọ ìyá rẹ̀. Ẹ mọ bí ohùn ọmọdé ṣe máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ri Dádì mi mọ́ sìmẹ́ǹtì?"

Gbogbo ẹnu ọ̀nà yíjú sí i. Jìmí na ìwé kan sí bàbá àgbàlagbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Ìyá Mojí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gèlè ọmọ rẹ̀ ṣe, ó fi ìka tẹ orí fọ́tò náà.

"Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, ọmọ mi. Ibi tí Bùọ̀dá Jìmí bá wa ṣe níbẹ̀ nìyẹn."